Owó mi ò ju 130,000 lọ, fóònù wo ni kí n rà fún àbúrò mi tó wọ LAUTECH?

Ọmọ Elépo Ìsàlẹ̀ Àfọ́n

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé, ẹ̀yin ọmọ Ajílété nílé lóko. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àbúrò mi ọkùnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ LAUTECH, yunifásítì tó wà l'Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, apá Under G ló ń gbé, fóònù tó ń lò ti gbó débi pé WhatsApp ò ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ mọ́. Owó tó wà lọ́wọ́ mi ò ju 130,000 náírà lọ, àtìgbà tó ti ṣe JAMB ni mo ti ń tọ́jú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó fẹ́ máa fi ṣe ò pọ̀, kó ka PDF, kó wọ portal ilé ìwé, kó wà lórí Telegram kíláàsì wọn, kó sì máa pe màmá wa tó wà lábúlé lápá Ìkòyí-Ilé.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé lọ́dún tó kọjá mo ra tòkunbọ̀ kan fún ara mi. Ó rẹwà, kámẹ́rà ẹ̀ mọ́ kedere, àmọ́ látọjọ́ tí mo ti gbé e délé 3G ló ń gbé, ìgbà míì á tún já sí E, ìyẹn 2G, síìmù yẹn náà tí mo bá yọ ọ́ tí mo fi sínú fóònù ọ̀rẹ́ mi báyìí, 4G ni. Mo gbé e padà lọ, ẹni tó tà á fún mi lóun ò gba ọjà padà. Mo sunkún ọjọ́ yẹn ká má parọ́. Mi ò fẹ́ kírú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sówó yìí. Kí ni kí n wò, kí sì ni kí n bi wọ́n kí n tó sanwó?

Atúnfóònùṣe Tákìẹ́

Ẹ kú ìnáwó ma, Ọlọ́run á jẹ́ kó kàwé yanjú. Ẹ jẹ́ ká fi orúkọ fóònù sílẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló yẹ ká kọ́kọ́ tú palẹ̀, torí ibẹ̀ lowó yín ti bómi lọ lẹ́ẹ̀kan. Fóònù yẹn ò bàjẹ́ rárá, báǹdì ni. Ẹ wò ó bí ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà. Máàsì ń sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà kan, fóònù tí wọn ò bá ti ilé iṣẹ́ ṣe ọ̀nà yẹn mọ́ ọn ò lè gbọ́ ọ láéláé, kò sì sí nǹkan témi tàbí atúnfóònùṣe kankan lè fi tún un ṣe, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbowó lọ́wọ́ yín pé òun á bá yín fi báǹdì sí i.

Nílẹ̀ wa níbí, 4G Glo ń lo 700MHz, òun ni wọ́n ń pè ní báǹdì 28. Airtel ń lo 1800, ìyẹn báǹdì 3, bẹ́ẹ̀ náà ni 9mobile tí wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí T2 ní 2025. MTN ń lo 800 tó jẹ́ báǹdì 20 àti 2600 tó jẹ́ báǹdì 7. Wọ́n lè ní òmíì kún un níbòmíì o, àmọ́ fóònù tó bá ti ní 3, 7, 20 àti 28 pọ̀, ẹ fọkàn balẹ̀, síìmù tó bá wù yín lẹ lè fi sí i.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ 20 àti 28? 700 àti 800 máa ń rìn jìnnà, ó sì máa ń wọ inú ilé dáadáa, bí ìró gbẹ̀du ṣe máa ń dé òdìkejì ìlú nígbà tó jẹ́ ẹni tó wà nítòsí nìkan ló ń gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. 2600 lágbára láti gbé dátà tó pọ̀, àmọ́ tẹ́ẹ bá ti jìnnà sí máàsì ó tán nìyẹn. Ará abúlé àtẹni tó ń gbé nínú yàrá tó wà láàárín ilé, 20 àti 28 ló máa gbà wọ́n sílẹ̀. Fóònù olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n dìídì ṣe fún Amẹ́ríkà sì rèé, òmíì ò ní 20, òmíì ò ní 28. Samsung tí nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì ẹ̀ bá parí sí U, Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn páálí tàbí nínú Settings níbi About phone, kẹ́ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn gan-an sórí GSMArena, wẹ́ẹ̀bù tó ń to ohun tó wà nínú fóònù, kì í ṣe orúkọ fóònù lásán o, torí fóònù méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà kí ọ̀kan jẹ́ 4G kí èkejì má kọjá 3G.

Ọmọ 300 Level

Mo kí yín ma. Èmi náà ń gbé Under G. Ẹ̀gbọ́n Tákìẹ́ ti sọ òkodoro ọ̀rọ̀, ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kí àbúrò wa kọ́kọ́ mọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá tiẹ̀ gan-an. Mi ò ní dárúkọ ìkankan torí èyí tó dáa ní hóòsì wa, ilé kẹta sí wa ń pariwo pé kò ṣe é lò. Kó yá síìmù àwọn ará ilé ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kó dán an wò ní bíi aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ọ̀sán ò fi nǹkan kan hàn. Alẹ́ tí gbogbo wa ti dé látilé ìwé tá a jọ ń fa dátà lórí máàsì kan náà, ìgbà yẹn lẹ máa mọ èyí tó lè dúró.

5G ńkọ́, mo mọ̀ pé wọ́n á fi lọ̀ yín. MTN bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2022, Airtel tẹ̀ lé e ní 2023, àmọ́ tẹ́ẹ ò bá tíì fojú ara yín rí 5G lórí fóònù ẹlòmíì níbi tí àbúrò yín ń gbé, ẹ má fowó kún owó nítorí ẹ̀. Ìyàtọ̀ owó yẹn ẹ fi ra memory kún un fún un.

Olùkọ́ Òkò

Tuntun ni kẹ́ẹ rà. Mo ń fọwọ́ sọ̀yà sọ ọ́ torí lọ́dọọdún làwọn òbí ń gbé tòkunbọ̀ tó ti kú wá bá mi pé kí n bá wọn wò ó. Owó yín tó fún Tecno, itel tàbí Redmi kékeré. Tecno, Infinix àti itel, ilé iṣẹ́ kan náà ló ni wọ́n, Transsion ti Ṣáínà, Carlcare ló sì ń tún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe, wọ́n wà n'Ìbàdàn, tí nǹkan kan bá ṣe é láàárín wáràntí ẹ ò ní sanwó, tó bá ṣáà ti jẹ́ pé kì í ṣe pé ó bọ́ sómi tàbí ó já lulẹ̀. Àwọn ẹ̀yà ara wọn náà ò wọ́n, skríìnì wọn kún ìgboro.

Ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ má jẹ́ kí nǹkan tí wọ́n kọ sára páálí tàn yín jẹ. Ẹ máa rí 8GB RAM, ìyẹn ibi tí fóònù ti ń ṣiṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́, gàdàgbà, tẹ́ẹ bá wo abẹ́ ẹ̀ dáadáa ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ kéékèèké pé 4 + 4. Mẹ́rin yẹn nìkan ni RAM, mẹ́rin kejì wọ́n yá a lára storage tó ń kó fáìlì pamọ́ ni, kì í sáré bí RAM. Fún ọmọ tó fẹ́ máa ṣí PDF tó tún fẹ́ kí Telegram àti WhatsApp wà lẹ́yìn, 4GB gidi ni kẹ́ẹ má sọ̀kalẹ̀ kọjá, storage 64GB ló kéré jù, 128 ló dáa jù towó bá ká a. Fóònù tó ní 2GB, wọ́n á ní Android Go, Android tí wọ́n dín kù fún fóònù kékeré, ló wà lórí ẹ̀, ó dáa fún àgbàlagbà tó fẹ́ pe ọmọ ẹ̀ lórí WhatsApp, kò dáa fún ọmọ ilé ìwé.

Ọmọ 300 Level

Ẹ̀gbọ́n olùkọ́ mo gbọ́, àmọ́ ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn pátápátá. 130,000 tuntun àti 130,000 tòkunbọ̀ ò lè dọ́gba. Samsung tí mo ń lò yìí tòkunbọ̀ ni, ó ti pé ọdún méjì lọ́wọ́ mi, ó sì ń sáré ju tuntun tí ọ̀rẹ́ mi fi owó kan náà rà. Ẹni tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, èrè ni.

Olùkọ́ Òkò

Àbúrò, ẹ̀yin mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Obìnrin yìí ti sọ pé òun ti sọwó nù lẹ́ẹ̀kan. Owó tí èèyàn fi ọ̀pọ̀ oṣù kó jọ, mi ò lè ní kó lọ fi ta tẹ́tẹ́.

Atúnfóònùṣe Tákìẹ́

Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Bátìrì ni mo máa ń wò lọ́rọ̀ tòkunbọ̀. Fóònù tó ti lo ọdún mẹ́ta mẹ́rin nílùú òyìnbó, bátìrì ẹ̀ ti rẹ̀, ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ló kù tó lè lò, ibi tíná ò sì ti dúró bí àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn, ìyà ńlá ni. Tuntun olówó kékeré sábà máa ń ní bátìrì 5000mAh, skríìnì ẹ̀ ò sì mọ́ tó ti olówó ńlá, ìyẹn náà ń dín iná tó ń jẹ kù, ó lè gbé ọmọ yẹn láti àárọ̀ di alẹ́. Torí iná yìí nìkan, tó bá jẹ́ ọmọ tèmi, tuntun ni màá rà.

Àmọ́ bóyá tuntun bóyá tòkunbọ̀, ẹ má sanwó kẹ́ẹ tó ṣe nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí. Síìmù yín ni kẹ́ẹ mú dání, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ẹ fi sí i, ẹ tan dátà, ẹ wò ó lókè bóyá 4G jáde, ẹ ṣí fídíò kan. Ẹ wá pe ẹnì kan nígbà tí dátà yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, kẹ́ẹ máa wo òkè yẹn bẹ́ẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Tí 4G bá já sí 3G tàbí 2G bẹ́ẹ ṣe gbé ìpè, a jẹ́ pé fóònù yẹn àti síìmù yẹn ò jọ ń ṣe VoLTE, ìyẹn ìpè tó ń gba orí 4G, gbogbo ìgbà tẹ́ẹ bá ń pe èèyàn ni dátà yín á máa wọ́lẹ̀. Kì í ṣe pé kẹ́ẹ má rà á o, kẹ́ẹ ṣáà mọ̀. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ kẹ́ẹ gbọ́ ọ padà, ẹ fi ṣájà sí i kẹ́ẹ rí i pé ó ń wọlé, ẹ fi ìka fa àmì app kan káàkiri gbogbo ojú skríìnì, ibi tó bá ti já bọ́ lọ́wọ́ yín, ibẹ̀ ti kú nìyẹn. Tó bá jẹ́ Samsung ẹ tẹ *#0*# á ṣí ibi tẹ́ẹ ti lè dán gbogbo ẹ̀ wò. Ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, ẹ fi wé ti ara páálí, tí wọn ò bá bára mu ẹ gbé fóònù sílẹ̀ kẹ́ẹ máa lọ.

Kí wọ́n sì kọ IMEI yẹn sórí rísíìtì fún yín pẹ̀lú nọ́ńbà ẹni tó tà á. Fóònù tí wọ́n bá ní kò ní rísíìtì, tí wọ́n ń tà ní gáréèjì lówó tó kéré jọjọ, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa lọ ṣàlàyé fọ́lọ́pàá.

Ẹ̀gbọ́n Tó Wà ní Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo rí i táwọn kan ń sọ̀rọ̀ nípa ìlú òyìnbó, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo mọ̀ torí mo ti ránṣẹ́ fóònù wálé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Láti December 2021 ni wọn ò ti jẹ́ kí àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì UK ta fóònù tí wọ́n tì mọ́ síìmù tiwọn. Ti Canada ti wà láti December 2017. Èyí tí wọ́n tà ṣáájú ìgbà yẹn lè ṣì wà ní títì. Amẹ́ríkà ṣì ń tì í, pàápàá èyí tí wọ́n ń san owó ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, síìmù Nàìjíríà tẹ́ẹ bá fi sí i á máa béèrè nọ́ńbà tí wọ́n á fi ṣí i.

iPhone ni kẹ́ẹ ṣọ́ra fún jù. Ẹ wọ Settings, General, About, ẹ wá Carrier Lock, kẹ́ẹ rí No SIM restrictions níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ṣíìpù pẹlẹbẹ kan sábẹ́ síìmù kó lè ṣiṣẹ́, ọjọ́ tẹ́ẹ bá ṣe update ó lè kọ̀ pátápátá. Láti iPhone 14, èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ò níhò síìmù rárá, eSIM, síìmù tó ti wà nínú fóònù fúnra ẹ̀, nìkan ló ń lò. Bákan náà kí ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ yọ account ẹ̀ kúrò lójú yín, ti Android náà bẹ́ẹ̀, torí tẹ́ẹ bá reset ẹ̀ tó wá ń béèrè email ẹni tẹ́ẹ ò mọ̀, òkúta lẹ gbé délé.

Ìyá Ìbejì Sábó

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, èyí tí wọ́n ní kéèyàn san díẹ̀ kó máa gbé fóònù lọ ńkọ́, ṣé ó dáa?

Olùkọ́ Òkò

Ó dáa fẹ́ni tówó ń wọlé fún ní déédéé ma. Ẹ ṣírò gbogbo owó tẹ́ẹ máa san pátá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kẹ́ẹ fi wé iye tí wọ́n ń tà á lówó kan. Tẹ́ẹ bá pẹ́ kẹ́ẹ tó san wọ́n á tì í látọ̀nà jíjìn, kò sì sí bẹ́ẹ ṣe lè ṣí i. Fún ọmọ ilé ìwé tó lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ ìdánwò ni wọ́n máa tì í, mi ò gbà á nímọ̀ràn.

Ìyá Ìbejì Sábó

Ẹ ṣeun sà. Mo ní kí n sọ tèmi náà fún Ọmọ Elépo. Ẹ rò ti màmá yín mọ́ ọn. Èmi ra fóònù fọ́mọ mi lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó ń lo síìmù tó dáa ní Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, kò sì sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn lóko níbi tí bàbá ẹ̀ wà, bàbá ò lè pe ọmọ, ọmọ ò lè pe bàbá, àwa la wà láàárín tá à ń jíṣẹ́. Síìmù méjì ló yanjú ẹ̀. Kẹ́ẹ wò ó dáadáa pé ihò mẹ́ta ló ní, síìmù méjì àti memory card lọ́tọ̀, torí ó ní èyí tó jẹ́ pé tẹ́ẹ bá ti fi memory sí i, síìmù kan á jáde.

Ọmọ Elépo Ìsàlẹ̀ Àfọ́n

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti ń ka gbogbo ẹ̀ sétí àbúrò mi láti àná. Ìbéèrè kan, àwọn kan ń sọ Samsung A05 tàbí A06 fún mi, ṣé ó dáa ju Tecno lọ?

Atúnfóònùṣe Tákìẹ́

Wọ́n dáa ma, 5000mAh làwọn náà ní, Samsung sì máa ń pẹ́ kó tó jáwọ́ lára wọn, ọdún mẹ́rin ló sọ pé òun á fi máa fi ààbò ránṣẹ́ sí wọn. Àmọ́ tẹ́ẹ bá ṣí páálí wọn, okùn nìkan lẹ máa bá níbẹ̀, orí ṣájà ẹ máa rà á lọ́tọ̀, ẹ má sì lọ ra ayédèrú torí ó ń ba bátìrì jẹ́. Ẹ ka owó ṣájà mọ́ ọn kẹ́ẹ tó sọ pé owó yín ká a. Tecno, ṣájà wà nínú páálí.

Ọmọ Elépo Ìsàlẹ̀ Àfọ́n

Mo ti dé o! Ẹ jẹ́ n ròyìn. Lọ́jọ́ Ẹtì mo fún àbúrò mi ní síìmù mẹ́ta, tèmi, ti ọ̀rẹ́ mi àti ti ará ilé ẹ̀, ó lo alẹ́ méjì fi dán wọn wò nínú yàrá. Ọ̀kan nínú wọn dáa gan-an, àwọn méjì yòókù tá a rò pé ó máa dáa jù kò lè ṣí fídíò kankan. Mo wá pe ẹni tó ń bá màmá wa gbé, ó ní ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn ló ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Síìmù méjì náà ló máa lò, bí Ìyá Ìbejì ṣe sọ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta a lọ sí Tákìẹ́. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́, ọmọkùnrin yẹn ò jẹ́ ká fi síìmù tiwa sí i, ó ní tá a bá ti tú u nínú páálí a ti rà á nìyẹn. A kúrò níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kẹta, màmá kan ló wà níbẹ̀, wọ́n ní kí n san owó díẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó tú u, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí 4G ò bá jáde àwọn á dá a padà. Tecno Spark Go 1, 4GB gidi, mo wo abẹ́ ẹ̀ kéékèèké, storage 64. Àbúrò mi ti tẹ nọ́ńbà mọ́dẹ́ẹ̀lì ẹ̀ sórí GSMArena kó tó di pé mo débẹ̀. A fi síìmù sí i, 4G jáde, a pè, kò já. A fa app káàkiri skríìnì. IMEI bára mu, wọ́n kọ ọ́ sórí rísíìtì, mo ti ya fọ́tò ẹ̀ sínú fóònù tèmi. 124,000 ni wọ́n gbà, mo fi ìyókù ra awọ fún un.

Ọmọ 300 Level

Ẹ kú oríire ma! Kó má tíì sọ fóònù àtijọ́ yẹn nù o. Nọ́ńbà tó fi forúkọ sílẹ̀ ní portal àti báńkì, kó rí i pé síìmù yẹn náà ló wà nínú tuntun yìí, torí OTP, kóòdù tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ sórí síìmù.

Ọmọ Elépo Ìsàlẹ̀ Àfọ́n

Ó ti ṣe é, àbúrò mi. Ní aago méje àárọ̀ òní ló pe màmá wa lórí fídíò látinú yàrá ẹ̀, màmá ò tíì fojú kàn án látìgbà tó ti wọlé. Wọ́n ní ṣé oúnjẹ ń wọlé dáadáa, torí ó ti rù.